Obì Funfun Inú Ọgbà Yunifásítì

Yunifásítì Túbọ̀sún,
Ọ̀nà Ìbàdàn, Òṣíẹ̀lẹ̀,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹwàá, 1983.

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékún. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú yín tí èmi kò dé rí tẹ́lẹ̀. Ẹ kú ọjà, ẹ kú iṣẹ́ obì, ẹ kú àárẹ̀ àwọn oníbàárà Sábóńgàrì. Ẹ bá mi kí Ìyá mi.

Ọjọ́ méjì ni mo fi wà lójú ọ̀nà láti Kánò. Bàbá Láwàlì, ẹ̀gbọ́n yín, wá pàdé mi, ó mú mi sùn nílé wọn ní Òwu, ó sì mú mi wá síbí lọ́jọ́ kejì. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo rò pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Bàbá, ilé ẹ̀kọ́ yìí kò tóbi bí ó ṣe rí nínú ìwé ìròyìn. Pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló tóbi jù nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Olóyè Túbọ̀sún tó dá a sílẹ̀ ti kọ́kọ́ fi ṣe ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ fún àwọn tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Nígbà tí òfin tuntun gba ẹnikẹ́ni láyè láti dá yunifásítì sílẹ̀, ó yí pátákó padà. Ó ní bí yunifásítì ìjọba kò bá ní àyè fún ọmọ Ẹ̀gbá, òun ní. Igba ènìyàn àti mẹ́rìnlá ni wá, olùkọ́ mẹ́sàn-án. Ilé ìkàwé wa kò ju yàrá kan lọ, àwọn ìwé rẹ̀ sì ń rùn bí àpótí àlùfáà tó ti kú. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ńlá jẹ́ ilé tí wọ́n ń kó obì sí tẹ́lẹ̀. Bí oòrùn bá mú páànù, òórùn obì á máa jáde lára ògiri, èmi á sì máa rántí ṣọ́ọ̀bù yín títí olùkọ́ á fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Harriet ni orúkọ ẹni tí a jọ wà nínú yàrá, ọmọ àlùfáà Áńgílíkà láti Aké. Lọ́jọ́ tí mo dé, ó bi mí bóyá ràkúnmí ni mo gùn wá. Títí di òní, ènìyàn mẹ́ta péré ni mo ti bá sọ̀rọ̀ níbí, ọ̀kan nínú wọn sì ni ìyá tó ń se oúnjẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí mi kíákíá.

Ọmọ yín,
Sàfúrátù.


Sábóńgàrì, Kánò.
6/11/1983.

Sàfúrátù,

Wà álékún sàlámù. A dúpẹ́ pé o gúnlẹ̀ láyọ̀. Ìyá rẹ ń béèrè bóyá o ń jẹun.

Má jẹ́ kí ìtìjú pa ọ́ mọ́ inú yàrá. Lọ kí Olóyè tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà, kí ó mọ̀ pé ọmọ ilé ire ni ọ́. Má sì lọ lọ́wọ́ òfo. Ọmọ mi kì í kí àgbà lọ́wọ́ òfo.

Ohun kan tún nìyí. Ní Òṣíẹ̀lẹ̀ yẹn kan náà ni oko baba mi wà. Igi obì gbànja méje ló gbìn síbẹ̀, funfun ni obì wọn, pérégún sì yí wọn ká. Ìdí ìkẹta ni wọ́n ri ìwọ́ mi mọ́. Láti 1958 tí mo ti wá sí òkè Ọya, ọwọ́ Bàbá Láwàlì ni mo fi oko náà sí. Bí àyè bá wà, ní kí ó mú ọ lọ wò ó.

Kàwé rẹ.

Baba rẹ,
Sàlàhúdíìnì.


Òṣíẹ̀lẹ̀.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá, 1983.

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékún. Ẹ kú ọyẹ́. Tiwa níbí ti bẹ̀rẹ̀, ètè mi ti ń là bí ẹni pé Kánò ni mo ṣì wà.

Mo ti rí igi yín. N kò tiẹ̀ dúró de Bàbá Láwàlì, nítorí inú ọgbà yunifásítì ni wọ́n wà, lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo ka igi méje, mo rí pérégún, mo sì rí obì funfun tó ti bọ́ sílẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sí ìdí ìkẹta fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé ẹ ti fi ilẹ̀ náà ta ilé ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, pé ẹ kàn fẹ́ fi mí ṣeré ni.

Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n ṣe ayẹyẹ ìgbàwọlé wa, mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Mo ṣa obì méje nínú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, mo fọ̀ wọ́n, mo kó wọn sínú àwo, mo sì gbé e lọ fún Olóyè níbi tó jókòó sí láàárín àwọn àlejò rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Olóyè ń bá ẹnìkan rẹ́rìn-ín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ ṣe kan obì náà, ó dìde lójijì. Ó ṣí fìlà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba àwo náà lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà ló dà bí ẹni tó jí lójú oorun, ó yára dé fìlà rẹ̀ padà, ó sì bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo dá a lóhùn. Ni ó bá yíjú sí àwọn àlejò, ó ní, “Ẹ jẹ́rìí o. Ọmọ Sàlàhúdíìnì ló gbé obì wá fún mi.” Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. N kò mọ ìdí tó fi pariwo orúkọ yín bẹ́ẹ̀.

Harriet bá mi ra àwòrán tí wọ́n yà bí mo ṣe ń gbé obì náà fún Olóyè. Ẹyọ kan náà ló rí rà, torí pé ayàwòrán ń kánjú padà sí Ìbàdàn. Mo fi í sínú lẹ́tà yìí kí ẹ lè rí i pé n kò tijú mọ́.

Ọmọ yín,
Sàfúrátù.


Kánò.
11/1/1984.

Sàfúrátù,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Mo gba ti Bàbá Láwàlì náà lọ́sẹ̀ kan náà. Sójà ti gba ìjọba, gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn, ṣùgbọ́n ti ilé mi ni èmi ń rò.

N kò fi ilẹ̀ kankan ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ẹ̀yìn odò ni wọ́n sọ fún mi pé ilé ẹ̀kọ́ yẹn wà. Baba Túbọ̀sún jẹ́ àlejò tí baba mi fún ní ilẹ̀ dá oko. Lọ́dọọdún, bí obì bá gbó, àkọ́ká igi méje yẹn ni ó máa ń gbé wá fún wa, obì méje, ìyẹn ni ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀, tó ń fi jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Èmi náà wà níbẹ̀, ọmọdé ni mí. Níwájú obì yẹn, onílẹ̀ nìkan ló ń jókòó, òun nìkan ló sì ń dé fìlà. Àlejò á dúró, á ṣí fìlà, ìbáà jẹ́ òun ló dàgbà jù. Túbọ̀sún máa ń tẹ̀ lé baba rẹ̀ wá. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Wàyí o, ọmọ onílẹ̀ ti ka obì méje, ó ti gbé e lọ, ó ti kúnlẹ̀ níwájú ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn. Túbọ̀sún ti ránṣẹ́ sí Bàbá Láwàlì pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé Sàlàhúdíìnì fúnra rẹ̀ ló rán ọmọ rẹ̀ wá jẹ́wọ́ pé òun Túbọ̀sún ló ni ilẹ̀. Ó ní bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, òun á gé igi náà, òun á fi ibẹ̀ kọ́ ilé alájà méjì. Bàbá Láwàlì kò lè sọ nǹkan kan. Ọdún mẹ́ta ló ti mọ̀ pé ilẹ̀ wa ni wọ́n kọ́lé sí, ojú ń tì í láti sọ fún mi.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn àgbà Òṣíẹ̀lẹ̀. Ìwọ, kí lo fẹ́ kí n sọ fún ọ? Mo wo àwòrán yẹn. Mo rí ọmọ mi lórí ìkúnlẹ̀. N kò fẹ́ gbọ́ àlàyé.

Sàlàhúdíìnì.


Òṣíẹ̀lẹ̀.
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní, 1984.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín nínú ọkàn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọbìnrin kì í dọ̀bálẹ̀. Ẹ ní ẹ kò fẹ́ gbọ́ àlàyé, nítorí náà n kò ní ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní kí n má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi nípa obì funfun, ẹ sì fi ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́. Ogún ọdún ni mo fi gbé nínú ilé yín, ẹ kò sọ ọ́ rí.

Olóyè pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ohùn rẹ̀ kò le, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí. Ó ní kí n fọwọ́ sí ìwé kan pé ẹ̀yin lẹ rán mi, pé mo mọ ohun tí obì náà jẹ́. Ó ní bí n kò bá fẹ́, kò burú, kí n kàn máa di ẹrù mi. Ó na ọwọ́ sí ojú fèrèsé, ó ní, “Igba ọmọ ló ń kàwé níbí, Sàfúrátù. Igi méje ni ti baba rẹ. Ìwọ náà ṣírò ó.” Mo ní kí ó fún mi láyè ronú. Àwọn àgbà ti dá ọjọ́ tí wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ náà, Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta. Ó ní ọjọ́ náà ni òun ń retí ìdáhùn mi.

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún wo àwòrán náà. Ẹ má wo mí. Ẹ wo Olóyè. Ẹ wo orí rẹ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kọ sí mi nípa fìlà. Mo ti sọ ọ́ fún Bàbá Láwàlì pé Olóyè ṣí fìlà, ó ní ta ló máa gba ọ̀rọ̀ ọmọdé gbọ́ mọ́ Olóyè lẹ́nu. Àfi àwòrán náà. Ẹ bá mi fi í ránṣẹ́ kí ọjọ́ yẹn tó pé.

Sàfúrátù.


Òṣíẹ̀lẹ̀.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, 1984.

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékún. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ béèrè lẹ́tà ní ọ́fíìsì akọ̀wé, ó ti mọ ìró ẹsẹ̀ mi débi pé kì í gbójú sókè mọ́ kó tó mi orí.

Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí igi méjèèje. Ìyá tó ń se oúnjẹ ní àwọn agégi ti wá wọ̀n wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti gbọ́. Ọ̀kan sọ lójú mi pé ọmọ Kánò fẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ pa nítorí obì. Harriet dá a lóhùn pé ilé ẹ̀kọ́ tí obì méje bá lè tì kò yẹ ní ṣíṣí. Láti ọjọ́ náà, àwa méjèèjì là ń jẹun lọ́tọ̀.

Bí ẹ bá ṣì ń bínú, ẹ fi ìbínú náà ránṣẹ́ pẹ̀lú àwòrán. N kò tíì fọwọ́ sí ohunkóhun. Ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mo máa sọ lọ́jọ́ náà bí ọwọ́ mi bá ṣófo.

Sàfúrátù.


Kánò.
19/3/1984.

Sàfúrátù,

Gùsáù ni mo wà tẹ́lẹ̀, lórí òwò obì. Lẹ́tà rẹ méjèèjì ni mo bá lórí àga lánàá, lọ́jọ́ kan náà.

Mo ti ya àwòrán yẹn sí méjì. Ọjọ́ tó dé gan-an ni mo ya á. Apá tìrẹ wà nínú Kùránì mi, nítorí ọmọ mi ni ọ́. Apá ti Túbọ̀sún ni mo jù sínú agbọ̀n tí a ń da ewé obì gbígbẹ sí. Lánàá, mo da gbogbo ewé yẹn sílẹ̀, n kò rí i. Ìyá rẹ dúró, ó ń wò mí. Nígbà tó tó àkókò tó wù ú, ó wọ yàrá lọ mú un wá. Ó ní kò sí àwòrán ọmọ òun tí wọ́n á jù nù, ìbáà jẹ́ àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí ló wà níbẹ̀.

Mo so ó pọ̀, mo sì wò ó. Ó ṣí fìlà. Lóòótọ́, ó ṣí fìlà.

Mo ti kó méjèèjì fún Jùbrílù awakọ̀ tó ń gbé àlùbọ́sà wá sí Láfẹ́nwá. Ó búra pé òun á dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí ó bá pẹ́, sọ òtítọ́ lẹ́nu lásán.

Baba rẹ.


Òṣíẹ̀lẹ̀.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, 1984.

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékún. Jùbrílù kò dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Táyà rẹ̀ bẹ́ nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ilé Bàbá Adéṣọlá, tó dàgbà jù ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà. Olóyè kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ dáadáa. Ó sọ bí òun ṣe kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà ní búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. Ó sọ pé ọmọ onílẹ̀ tó bá gbé obì wá lórí ìkúnlẹ̀ ti tú ilé ara rẹ̀ dànù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n sọ tèmi. Mo ṣáà sọ pé Olóyè dìde, pé ó ṣí fìlà. Olóyè ní rárá, òun jókòó. Ọ̀rọ̀ dúró níbẹ̀, gbogbo wọn sì ń wo Bàbá Láwàlì, Bàbá Láwàlì ń wo ilẹ̀.

A ti fẹ́ dìde nígbà tí Jùbrílù wọlé pẹ̀lú eruku ojú ọ̀nà lára rẹ̀, òórùn àlùbọ́sà ló kọ́kọ́ wọlé. Ó kó bébà méjì náà lé mi lọ́wọ́. Mo tẹ́ wọn sórí ẹní, mo so ẹnu wọn pọ̀.

Bàbá Adéṣọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó fínnífínní. Ó ní, “Túbọ̀sún, fìlà rẹ dà?”

Olóyè ní, “Ooru ló mú mi, Bàbá.”

“Nínú ọyẹ́?”

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Bàbá Adéṣọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹni méjì ni mo rí níbí. Ọ̀kan kúnlẹ̀, ọ̀kan dúró láìdé fìlà. Àlejò méjì ń gbé obì fún ara wọn. Onílẹ̀ dà?”

Bàbá Láwàlì ló dáhùn, èmi kò mọ̀ pé ó lè ṣe é. Ó ní, “Ó wà ní Kánò, Bàbá. Àbúrò mi ni.”

Olóyè kò jà mọ́. Ó wo àwòrán náà, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́: “Baba mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti dìde.”

Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ lè dúró síbi tó wà, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi náà, àti pé nígbàkúùgbà tí obì bá gbó, kí Túbọ̀sún gbé méje wá fún ilé yín. Lónìí, Olóyè rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ó máa ní kí n di ẹrù mi. Ó kàn ní kí n má pẹ́ dé kíláàsì.

Sàfúrátù.


Òwu, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù keje, 1984.

Bàbá mi,

Ẹ ti gbọ́ lórí rédíò kí lẹ́tà yìí tó dé. Ìjọba ológun ti fòfin de gbogbo yunifásítì aládàáni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni ibẹ̀ fi ṣófo. A gbé fóòmù ìbùsùn lórí, a gbé àpótí àti búkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Harriet ti padà sí Aké, ó sunkún ju mí lọ. Wọ́n sọ pátákó ńlá yẹn kalẹ̀, ó gba ọkùnrin mẹ́fà.

Àwọn kan ní Òṣíẹ̀lẹ̀ ní ilẹ̀ ló bínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá sí i. Sójà ló ṣe é, kì í ṣe obì. Inú mi kò dùn sí i, Bàbá. Igi yín wà láàyè, ìwé mi sì ti dúró.

Mo wà lọ́dọ̀ Bàbá Láwàlì báyìí, mò ń múra ìdánwò yunifásítì ìjọba sílẹ̀. Obì á gbó ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí i. Ẹ wá sílé, kí ẹ wá jókòó gbà á.

Sàfúrátù.


Kánò.
28/10/1984.

Sàfúrátù,

Ẹsẹ̀ mi kò gbà mí láyè láti wọkọ̀ ọjọ́ méjì. Bàbá Láwàlì ní òun kò yẹ ní ẹni tó ń jókòó níbẹ̀, mi ò sì bá a jiyàn.

Ìwọ ni kí o jókòó. Fìlà mi nìyí, Jùbrílù ló gbé e wá. Má dé e, gbé e lé itan rẹ. Bí Túbọ̀sún bá dé, má dìde, má kúnlẹ̀, bí orúnkún rẹ tilẹ̀ ń yún ọ. Kì í ṣe ìwọ ló jókòó.

Mo bínú sí ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ju bó ti yẹ lọ. Àwòrán yẹn, Ìyá rẹ ní kí o dá a padà, òun fẹ́ lẹ̀ ẹ́.

Baba rẹ.


Òwu.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kọkànlá, 1984.

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékún. Ó wá láàárọ̀ àná. Òun nìkan ni, ó fẹsẹ̀ rìn láti ẹnu ọ̀nà ọgbà. Mo jókòó lórí gbòǹgbò igi kẹta, fìlà yín wà lórí itan mi. Ọ̀dà pupa ṣì wà lára igi náà, ó ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀.

Ó dúró, ó ṣí fìlà. Irun rẹ̀ ti funfun ju ti inú àwòrán lọ. Ó na àwo náà sí mi, mo sì gbà á lórí ìjókòó. N kò dìde.

Lẹ́yìn náà, kò lọ. Ó ń wo yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ńlá. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé mo lè wọlé wò ó?” Ilé tí òun fúnra rẹ̀ sọ di yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ló ń tọrọ àyè láti wọ̀ lọ́wọ́ mi.

Mo gbé fìlà yín sórí gbòǹgbò náà. Mo dìde, mo sì kúnlẹ̀ kí i bí ẹ ṣe kọ́ mi, nítorí obì ti kúrò láàárín wa. A jọ wọlé. Oòrùn ti mú páànù, òórùn yẹn ti ń jáde. Ó fi ọwọ́ nu eruku lórí pátákó ìkọ̀wé, ó sì béèrè ohun tí mò ń kọ́ nígbà tí wọ́n tì wá. Mo sọ fún un. Ó ní kí n má jẹ́ kó dúró síbẹ̀.

Àwòrán tí Ìyá mi béèrè wà nínú àpò yìí, apá méjèèjì, pẹ̀lú obì mẹ́fà. Méje ló gbé wá. Mo la ọ̀kan, èmi àti òun sì jẹ ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì iwájú. Ẹ má bínú.

Ọmọ yín,
Sàfúrátù.